Ihò Mẹ́rin Orí Ọkọ̀ Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ara yín bá le bí tiwa níbí, a jẹ́ pé ọpẹ́ ló yẹ wá. Bàbá ní kí n kí ọ dáadáa. Ikọ́ wọn ti rọlẹ̀, ohun tó sì mú un rọlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

O ní kí n ta ọkọ̀ Bàbá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi tó ń wọ inú rẹ̀ àti òórùn kápẹ́ẹ̀tì tó ti bu, tó ń mú wọn wúkọ́. Mi ò bá ọ jiyàn, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní, "Tà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè mí sínú ọkọ̀ mìíràn." Ìwọ náà mọ Bàbá. Láti ìgbà tí Ìyá ti kú, tí ojú wọn sì ti di bàìbàì, ọkọ̀ yẹn nìkan ló ń gbé wọn jáde nínú yàrá. Bí a bá tà á, wọn ò ní í lọ rí dókítà mọ́ pàápàá. Mo bá ọkùnrin tó ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ fún irin rẹ̀ ṣàdéhùn pé kó wá ní ọjọ́ Ẹtì. Mo wá ní kí n fi ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù wá ibi tí omi ń gbà wọlé.

Mẹkáníìkì àdúgbò ní rọ́bà gíláàsì iwájú ni, ká pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Iye tó pè é ju ohun tí onírin fẹ́ san lórí odindi ọkọ̀ lọ. Mo bi í bóyá fìlà tó wọ́n ju orí lọ ló fẹ́ kí n rà. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wa ọkọ̀ Bàbá padà sílé.

Mo ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, mo fún un bí ẹní fún aṣọ, mo sá a sórí ògiri àgbàlá. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni mo ti rí bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé rẹ kan. Mo rántí bí a ṣe máa ń jókòó: Ìwọ lẹ́yìn Ìyá, èmi lẹ́yìn Bàbá, àpò ẹrù láàrin wa bí ààlà, ẹni tó bá sì ti ẹsẹ̀ kọjá ààlà, ìgbátí ni.

Bàbá fúnra wọn ló sọ bí a ó ṣe wá a. Wọ́n ní kí n tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sílẹ̀ ọkọ̀, kí n máa da omi díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè á rẹ gbogbo ara ọkọ̀, kò sì ní mọ ibi tí omi gbà wọlé. Wọ́n jókòó síbi awakọ̀, wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀ síbi ẹsẹ̀, kí ọwọ́ lè bá wọn ríran. Mo rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo fẹ́ fi àbẹ́là dí wọn. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń ha á, wọ́n ní kí n yọwọ́, pé ibẹ̀ ni omi inú ilẹ̀kùn ń gbà jáde. Bí mo bá dí i, mo ti sọ ilẹ̀kùn di ìkòkò nìyẹn. Mo da omi sí gíláàsì iwájú, kò jò. Ìgbà tí mo da á sórí òrùlé ni wọ́n ní, "Dúró. Ó ti kan ọwọ́ mi."

Òkè ló ti ń wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn aṣọ àjà, ó ń tọ irin ẹ̀gbẹ́ gíláàsì sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀.

Mo gun àpótí, mo ha ọ̀dà, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí irin tí a ń di ẹrù lé lórí ọkọ̀ nígbà tí a kó kúrò nílé àkọ́kọ́? Nígbà tí Bàbá tú u, ó ku ihò mẹ́rin. Wọ́n ra ṣingọ́ọ̀mù, wọ́n ní ẹnu á kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀, ihò á sì dí, owó kan á ṣe iṣẹ́ méjì. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sínú ọkọ̀, à ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́. Ìyá ní ahun ọkùnrin yìí ni yóò pa àwọn, síbẹ̀ wọ́n jẹ tiwọn títí adùn fi tán. Oníkálukú fi àtàǹpàkò tẹ tirẹ̀ sínú ihò tó wà lókè ibi tó ń jókòó. Bàbá ló gbé ọ sókè kí ọwọ́ rẹ lè tó o. Wọ́n wá kun ọ̀dà lé e. Ọwọ́ híhá tí o ń tìtorí rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo jogún rẹ̀ ni.

Tìrẹ ti gbẹ, tèmi náà ti gbẹ, ti Bàbá ti sán pátápátá. Mo yọ wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì dí ihò wọn. Agolo kékeré kan ni. Owó rẹ̀ ò tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí mo ti fẹ́ yọ ti Ìyá ni onírin wọlé dé, tó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà bí ẹni tó ń ra màlúù. Ó kí Bàbá, ó sì fi owó kún iye tó kọ́kọ́ pè. Bàbá rìn sún mọ́ àpótí tí mo gùn. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ àwọn lé ṣingọ́ọ̀mù Ìyá. Mo dì wọ́n mú lórí àpótí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó le bí òkúta, ojú àtàǹpàkò Ìyá ṣì hàn lábẹ́ ọ̀dà.

"Èyí ò jò," ni wọ́n wí.

Mo ní ó yẹ ká yọ òun náà, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba.

"Fi gọ́ọ̀mù lé e lórí. Má yọ ọ́." Wọ́n wá kọjú síbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn onírin. "Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Mi ò tà á mọ́."

Àbúrò mi, má bínú. Mo mọ ohun tí owó yẹn ìbá ṣe, mo ti pín in lọ́kàn kí ọkùnrin náà tó dé. Ṣùgbọ́n òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá sì ní kí n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún àwọn. Ibi tí Ìyá máa ń jókòó ni wọ́n jókòó sí, títí òjò fi dá. Mo wo ìwé ìròyìn ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Ó gbẹ.

Kí Ọlọ́run bo ilé rẹ, kó má jẹ̀ẹ́ kí a fi ẹkún wá ara wa, kó sì mú ọ wá kí Bàbá láìpẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́.

Mo gbàgbé: onírin padà wá lánàá. Ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń wà ń jò. Mo ní kó jókòó sínú rẹ̀, kí n máa da omi. Mo gba owó gọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì gba ti agolo tiwa mọ́ ọn.