Máòsì Tó Kọ Ọwọ́ Ọ̀tún

Tuesday, Bẹẹrẹ

Ẹnu ṣì ń yà mí. Èmi dókítà kọ̀ǹpútà, tí mi ò kà kọjá JSS 2 tí grádúéètì ń wá bẹ̀!

Alhaja kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án, ó ní kí n bá òun wá ìyá òun tó ti kú nínú fọ́tò àtijọ́ kan lórí ìkànnì iléèwé tí ìyá náà ti ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ nígbà kan. Kò ní fọ́tò ẹ̀ kankan nílé. Fọ́tò yẹn fẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, àfi kéèyàn fi máòsì wọ́ ọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ṣùgbọ́n ta ló ń na òsì sí àgbàlagbà? Mo gbé máòsì sọ́tùn-ún. Fọ́tò ò sún. Mo pààrọ̀ máòsì, pàbó.

"Ìkànnì wọn ló bàjẹ́, Alhaja."

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ tí mo bá lórí máòsì yìí nígbà tí mo wọlé, ṣé o ti gé e ni?"

Háà! Èmi fúnra mi ni mo ti yí bọ́tìnì máòsì padà nínú kọ̀ǹpútà, tòsì di tọ̀tún, kó lè bá ọwọ́ òsì mi mu!

Mo dá a padà sósì. Fọ́tò sún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá ẹ̀ ló dúró ní ìkangun fọ́tò náà. Alhaja na ìka sí i, òsì ló fi nà án.

"Òun nìkan ni kò nà mí torí ọwọ́ yìí."