Josiah Oyèdélé Ọ̀ṣuntúndé, Ẹni Tí Ó Mọ Ìgbà Tí Ẹjọ́ Parí

Ọdún 1874 ni a bí Olóògbé Josiah Oyèdélé sí agbolé Ọ̀ṣuntúndé ní Bẹyẹrunká, ìlú Ìbàdàn. Bàbá wọn ni Ọ̀ṣuntúndé, ahunṣọ tí gbogbo Ọjà'ba mọ̀. Ìyá wọn ni Àbẹ̀bí, ìyálé ilé, ẹ̀gbọ́n wa yìí nìkan ṣoṣo ni ó sì bí. Ìyàwó kejì, Àríkẹ́, bí ọmọ márùn-ún, èmi Olúdayọ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí nítorí pé èmi ni Tíṣà. Bí owú bá yọjú níbì kan, ẹ fojú fò ó. Ó ti pẹ́ tí èmi àti òun ti jọ ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n wa kò lọ sí ilé ìwé. Èmi ni Bàbá fà lé àwọn míṣọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá dé, ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ni Bàbá máa ń pè sí yàrá. Ní 1904, ẹ̀gbọ́n wa gba iṣẹ́ akódà ní kóòtù ìbílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń kígbe orúkọ olùpẹjọ́, tí wọ́n sì ń fi etí kó òfin jọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní 1906, wọ́n ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì fi Clara Adéyẹ́misí láti Pópó Yemọja ṣe aya. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Clara, èmi náà ni mo mú un wá kí ará ilé. N kò ní ju ìyẹn sọ.

Ní 1911, Bàbá wa kú, a sì sin ín sí yàrá iwájú gẹ́gẹ́ bí àṣà. Yàrá méjìlá ni ilé náà ní. Àwọn àgbà ní ìdí-igi ni kí a fi pín in, ìyẹn ni iye ìyàwó: mẹ́fà fún ọmọ kan ṣoṣo Àbẹ̀bí, mẹ́fà fún àwa márùn-ún. Mo ní rárá, orí-ò-jorí ni, kí olúkúlùkù gba méjì. Mo pe ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n wa sì yẹra fún iṣẹ́ akódà títí ọ̀ràn náà fi tán.

Ní 1913, kóòtù dájọ́ pé ìdí-igi ni. Wọ́n ní kí àwọn àgbà lọ fi ẹfun sàmì sí yàrá ìdí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n padà wá kí kóòtù fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ajẹ́lẹ̀ ní Agodi, ní èdè òyìnbó tó dùn. Ẹ̀gbọ́n mi pàdé mi lọ́nà Bẹẹrẹ. Wọ́n ní, "Olúdayọ̀, ṣe sùúrù. Ẹjọ́ ọ̀hún ò tíì parí. Wọn ò tíì sọ yàrá tó jẹ́ tìẹ, kí lo fẹ́ sọ pé kò tẹ́ ọ lọ́rùn?" Mo rò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n ni.

Ajẹ́lẹ̀ dá ìwé mi padà: kí n lọ dúró de ìpín. Ojú tì mí débi pé n kò yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ẹfun sàmì. Wọ́n sàmì sí yàrá iwájú fún ìdí Àbẹ̀bí, kóòtù sì fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni ẹjọ́ tó parí, tí ọgbọ̀n ọjọ́ láti pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ṣí sílẹ̀ fún mi. Èmi ọ̀mọ̀wé rò pé ilẹ̀kùn ti tì. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò wá bá mi nílé mi ní Òkè Bọ́lá. Wọ́n ní, "Ó ku ọ̀la. Gbé ìwé ẹ lọ." Mo ní kí wọ́n jáde. Ta ni í kọ́ ọ̀tá rẹ̀ bí yóò ṣe bá òun jà?

Ogún ọdún ni n kò fi wọ yàrá iwájú yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ rí.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1920, wọ́n sì di ẹni tí àdúgbò ń kó ìjà wá bá. Nínú ìjọ, ẹni tí kò lè ka ìwé orin ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1934 ni wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fi aya wọn Clara sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Mojọlá, Bọ́lájí àti Ẹ̀bùnọlá, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti èmi pẹ̀lú àwọn àbúrò mi.

Lánàá, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ yàrá iwájú nígbà tí Mojọlá dá wọn dúró. Ó ní, "Bàbá ní ẹ má sin àwọn síbẹ̀. Wọ́n ní àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá àgbà, ti Bàbá Tíṣà ni." Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ni a ó sin wọ́n sí lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì ń jowú yín. Oore yìí náà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rò ó. Mo ti tẹ́ ẹní mi sí yàrá iwájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ sinmi ní àlàáfíà, ẹ bá mi kí Bàbá.