Ọwọ́ Ọmọ Erékùṣù Lórí Mi

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kejì, 2025

Wọ́n ti fi Jean-Marc, míṣọ́nnárì kékeré yẹn, ṣe alábòójútó ìjọ wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún! Madagascar ló ti wá, erékùṣù ńlá kan nínú òkun lọ́hùn-ún — nínú ìwé yìí Ọmọ Erékùṣù ni mò ń pè é, kò gbọdọ̀ gbọ́. Oṣù mẹ́fà péré ló tíì lò ní Ifangni. Míṣọ́nnárì tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ti padà sílé, gbogbo ẹrù wá bọ́ sí i léjìká: Ifangni, Daagbé, Igolo.

Ó dìde, bébà kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá ìjọ kọ̀wé láti Cotonou. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, òun gbọ́dọ̀ ti fi ọmọ ilẹ̀ yìí kan sípò olórí ìjọ, níṣojú gbogbo wa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti yàrá ìjọsìn wa pa, ká máa lọ sí Porto-Novo.

Màmá Léontine, olórí àwọn obìnrin, fò sókè: "Porto-Novo kẹ̀? Bàbá Ògúnjìnmí tí kò lè gun ọ̀kadà zém dé Igolo?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo rin ẹ̀gẹ́ nídìí ẹ̀rọ mi láti àárọ̀. Ariwo ẹ̀rọ dára, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọkàn ara ẹ̀.

Bébà nìkan ló ń gbọ́, kí n sòótọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi. Ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ jẹ́ èmi. Ọdún méjìléláàádọ́ta, kí ni mo parí rí? Ìdánwò Bac — mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo fìdí rẹmi, mi ò padà. Taksí Igolo sí Porto-Novo — ọdún méjì, mo tà á. Ẹgbẹ́ akọrin — èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni mo fi í sílẹ̀. Yàrá ẹ̀yìnkùlé: ògiri wà, òrùlé kò sí, ọdún kẹfà rèé. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Chérifath ìyàwó mi ń pè mí ní Bẹ̀rẹ̀-má-parí. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Ó ń dùn mí. Mi ò sọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọmọ Erékùṣù wá sí ìdí ẹ̀rọ mi. Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Kó tó kọjá níwájú wọn, ó tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ kan sílẹ̀, ó ń rọra lọ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bí ọmọdé ṣe ń kọjá níwájú àgbà nílẹ̀ wọn nìyẹn.

Ó ń sọ èdè Nago wa bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. "Papa Raphaël, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ̀gẹ́, ẹ kú iṣẹ́!" Ó kí ẹ̀gẹ́! Màmá Léontine bá ẹ̀gẹ́ dáhùn: "O ṣé o, ọkọ mi!" Ẹ̀rín pa wá. Ó bá wa ru ẹ̀gẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n, ọwọ́ ẹ̀ léròrò.

Àìkú, 9

Lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ti gbàdúrà lórí orúkọ mẹ́rin, tèmi ló ń padà wá. Mo ní d'accord, ó dáa, kó jẹ́ kí n rò ó. Ẹnu ló sọ d'accord. Ikùn ń sọ pé: sá!

Ìṣẹ́gun, 11

Ohun tí mo ṣe lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ fẹ́nì kan.

Mo lọ sílé Bàbá Ògúnjìnmí. Òun ló dàgbà jù nínú ìjọ, ó ku ọdún kan kó pé ọgọ́rin. Tó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Mo jókòó, mo ṣe bí ẹni tí nǹkan ṣèèṣì já bọ́ lẹ́nu ẹ̀: bí wọ́n bá ń fi olórí sípò nínú ìjọ wa, ẹni tó ń fini sípò á gbé ọwọ́ méjèèjì lé èèyàn lórí. Ọmọ yìí ló máa gbé e lé mi. Ṣé ojú Bàbá máa gbà á?

Bàbá ní: "Ọmọ tí kò tíì gbéyàwó? Lórí àgbàlagbà? Raphaël, orí kì í ṣe àpótí ìjókòó."

Mo jáde, ara mi fúyẹ́. Mo ti rọ́nà. Èmi kọ́ ni mo kọ̀, àṣà ló kọ̀. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mò ń súfèé. Olúwa, mò ń súfèé!

Ẹtì, 14

Ọ̀rọ̀ ti dé Daagbé. Oní-zém kan bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ òkè òkun kan fẹ́ máa gun àwọn àgbà lórí. Mo ní mi ò gbọ́.

Àìkú, 16

Èèyàn mọ́kàndínlógún. Ní Àìkú tó kọjá, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọmọ Erékùṣù wàásù fún bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́rú, 19

Ó wá bá mi. Mo rò pé ó ti mọ̀. Kò mọ̀.

"Papa, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àmọ́ ó tọ̀nà. Nílẹ̀ wa náà, orí àgbà kì í ṣe nǹkan eré." Ó ti pe Cotonou. Wọ́n á rán bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún kan wá, òun ló máa gbọ́wọ́ lé mi. Òun Jean-Marc ńkọ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé òun lọ ibòmíì, wọ́n á fún ẹlòmíì ní iṣẹ́ náà. Kò sí problème. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣí awọ tó ti bó ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

Oko ìrẹsì ni bàbá ẹ̀ ń ro. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá síbí, gbólóhùn kan ni bàbá náà sọ: ẹrù tí wọ́n bá gbé lé ọ, má sọ̀ ọ́ sójú ọ̀nà.

"Mo ti sọ̀ ọ́, Papa."



Ọjọ́bọ̀, 20

Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Èmi náà kò ṣiṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 22

Mo jẹ́wọ́ fún Chérifath. Mùsùlùmí ni, kì í bá mi lọ sí ìsìn, síbẹ̀ kò sí àlùfáà tí mo tíì jẹ́wọ́ fún bíi tiẹ̀. Ó ń jọ gààrí, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin lẹ dáná, ẹ wá ń wá ẹni tó máa pa á."

Mo ní kí ni kí n ṣe. Ó gbọn asẹ́ nù.

"Bàbá Olúwaṣọ̀gá, èyí náà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ lọ parí ẹ̀."

Àìkú, 23

Mo dìde nígbà ìkéde. Mo ní èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti orí lọ bá Bàbá. Kì í ṣe pé àṣà ń dùn mí. Ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà mí, mo wá fi àṣà ṣe aṣọ bora.

Ọmọ Erékùṣù wò mí, ojú ẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó máa jáde. Ó rìn wá, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Màmá Léontine ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọkùnrin tó ń dá ẹ̀rọ ńlá gbé! Ọwọ́ ọmọdé ló wá ń lé e kiri!" Ẹ̀rín sọ. Mo rín, omijé ń bọ́.

Láti ibẹ̀, ilé Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní òun ti mọ̀: "Ẹni tí àṣà ń dùn kì í wá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun kò yí padà. Kí n mú ọmọ náà wá.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Mo mú un lọ. Bàbá ní kó ṣe bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú àgbà nílẹ̀ wọn kí òun rí i. Ó tẹ̀ ba, ó kọjá. Bàbá ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ó wá ní: "Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, a ti ń gbọ́ ìyẹn. Ti orí ńkọ́? A ò tíì gbọ́ ọ rí." Òun á wá lọ́jọ́ náà. Òun kò sọ ohun tí òun máa ṣe.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo pe Cotonou fúnra mi. Mo ní kí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún náà máa bọ̀, a máa fún un ní àga àti oúnjẹ. Ọwọ́ Jean-Marc ni mo fẹ́ lórí mi. Ẹni tó gbé fóònù ní bí àwọn èèyàn bá dìde lọ ńkọ́? Mo ní á jẹ́ pé èmi pẹ̀lú ọmọ náà la ṣẹ́ kù.

Àbámẹ́ta, 15

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo fá orí. Bí ọwọ́ bá máa bà á, kó bá a ní mímọ́.

Àìkú, 16

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó gbàgbé nǹkan kan.

Àádọ́rin èèyàn ó lé kan. Yàrá kò gbà wá, a jáde síta, ẹrẹ̀ pupa wà nílẹ̀. Àga kan ní àárín, èmi lórí ẹ̀. Bàbá Ògúnjìnmí jókòó síwájú pátápátá, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Bàbá ti Cotonou wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Erékùṣù jáde, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ títí ó fi ń dán. Kò wá sọ́dọ̀ mi. Ó kọjá sọ́dọ̀ Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ — nínú ẹrẹ̀! Gbalaja, àyà kan ilẹ̀, bí ọmọ Ifangni. Ó ní: "Bàbá, mo tọrọ àyè."

Bàbá ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ kan sín. Mo ń wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, mò ń sọ nínú mi pé, Olúwa, má jẹ́ kó sọ ẹrù yìí sójú ọ̀nà.

Bàbá dìde. Ó fi ọ̀pá lé Màmá Léontine lọ́wọ́. Ó fa ọmọ náà sókè ní ọrùn ọwọ́, ó fi etí agbádá ara ẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀kan, èkejì. Ó fà á wá sídìí àga. Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà lé mi lórí. Ó wá gbé tiẹ̀ lé e lókè.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ mi ló wà níbí. Èmi ni mo rán an."

Ìyá kan bú sẹ́kún, Màmá Léontine gbé orin. Mi ò gbọ́ gbogbo àdúrà náà. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ fúyẹ́, ọwọ́ òkè wúwo, kò mira. Èmi tí mò ń sá láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú — mi ò wá ọ̀nà kankan.

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu Chérifath, síbẹ̀ ó se ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta ránṣẹ́. Ọmọ Erékùṣù jẹ àwo mẹ́rin. Kò jẹ́ ká fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní bàbá òun gbọ́dọ̀ rí i.

Àìkú, 23

Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Èmi ni mo darí ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta èèyàn. Jean-Marc wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kò dá sí i. Wọ́n ti fi ìlú méjì mìíràn kún iṣẹ́ ẹ̀.

Mo dé ilé. Chérifath ní, "Bàbá Olúwaṣọ̀gá, ẹ parí ẹ̀?"

Mo ní mo parí ẹ̀.

Lọ́la, káfíńtà ń bọ̀ wá kan òrùlé yàrá ẹ̀yìnkùlé. Kí àwọn ewúrẹ́ máa wá ibòmíì.