Àgúnmu Inú Odó Bàbá

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnira orúnkún. Láti Ìlú Ọba níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ẹ jọ ń gbé n'Íkirè, mo kí ìyàwó wọn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kí wọ́n má fo ibì kankan o. Mo mọ̀ wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, wọn á ní mo kàn ń kí yín ni.

Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́. Ètè ni ti ọyẹ́ ń gbẹ, eegun ni ti ibí ń wọ̀. Bí Mùfútáù ọmọ mi àti ìyàwó ẹ̀ bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ wọn kékeré ló kù. Tó bá sùn, mi ò ní gbọ́ Yorùbá kankan mọ́ àfi èyí tí mo bá bá ara mi sọ. Obìnrin òyìnbó ilé kejì máa ń juwọ́ sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọwọ́ náà ló ṣì ń jù. Síbẹ̀, Sìdíkátù ọmọ mi obìnrin tó wà l'Ápòmù sọ fún mi lórí fóònù pé ara ti tù mí jù, pé inú ilé tí iná kì í ti í lọ ni mo jókòó sí tí mò ń wá ìjà òun.

Màámi, ohun tó fa ìjà náà ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ lílọ̀ ni Mùfútáù ń ṣe níbí. Gbogbo ìwé tó kà, ìdí odó ló padà já sí. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó mú mi lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀. Ó fi awò bò mí lójú, ó ki ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí mi lọ́wọ́. Ó wá da ìyẹ̀fun méjì sínú odó tanganran kan tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ: ọ̀kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, èkejì funfun. Ó ń lọ̀ ọ́ bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àná. Mo ní kó kúrò níbẹ̀, mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí omi, kò sí iná. Ìgbà tí màá fi lọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ti di dúdú bí aró. Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo ní Súbúhánálláhì! Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mùfútáù ní gbogbo ohun tó bá ń ṣe wóró wóró tó ń dán bí iyọ̀ àti ṣúgà, àwọn nǹkan tín-ín-rín tí ojú ò lè rí ló tò sínú ẹ̀, bí a ṣe ń to sáfù ní mọ́ṣáláṣí. Tí a bá ń lọ nǹkan méjì pọ̀, sáfù tọ̀tún tòsì á fọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á kàn dàpọ̀ bí iyanrìn àti gaàrí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, wọ́n á tún to sáfù tuntun, eléyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ̀hún, ohun kẹta á sì jáde. Ohun kẹta yìí lè tètè yọ́ nínú ikùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè má yọ́ rárá. Ó ní ojú ò lè mọ̀ ọ́n, ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n, àfi ẹ̀rọ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń pàwọ̀ dà.

Odó Bàbá tó wà lọ́wọ́ Sìdíkátù báyìí ni ọkàn mi lọ. Ẹ mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ ká fọ odó àgúnmu. Wọ́n ní ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ ọwọ́ àwọn bàbá wọn kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gún lónìí, ìyókù ti àná ti wà nínú ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ewé àti egbò nìkan ni, ó lè má burú tó bẹ́ẹ̀. Sìdíkátù ti ń da hóró oògùn kẹ́míìsì sí i: ti ara ríro, ti ibà, ti oorun. Ó ní ohun tó ń jẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́ nìyẹn, pé láti Orílé-Òwu ni wọ́n ti ń wá bá òun lẹ́bàá títì.

Mo kígbe mọ́ ọn lórí fóònù. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ òun.

Màámi, èmi ni. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, àwọn oníbàárà ń sọ pé àgúnmu mi ò rí bíi ti bàbá mi, pé ewé lásán ni. Mo ra hóró oògùn ara ríro, mo lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ Bàbá ti bà lé mi. Ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ súre. Mo ṣe àmín. Sìdíkátù wà níbẹ̀, òun ló ń bá mi dì í sínú ọ̀rá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀ ń mu àgúnmu yẹn láràárọ̀ nítorí orúnkún, lé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún yín lórí. Wọ́n ní òòyì ń kọ́ yín, inú ń ta yín, ẹ ti di ògiri mú lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi Mùfútáù léèrè. Ó ní ó lè jẹ́ hóró oògùn yẹn fúnra ẹ̀, ó lè jẹ́ ohun kẹta tí òun àti ewé bí nínú odó, òun ò lè dúró síbí mọ̀ ọ́n. Ó ní kí ẹ má mu ún mọ́, kí ẹ di díẹ̀ dání lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lónìí.

Mo bẹ Sìdíkátù, kò gbé fóònù mi mọ́. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gba odó, wọ́n ní àwọn ò lè tìtorí ọ̀rọ̀ orí fóònù gba odó Bàbá lọ́wọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde. Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹ má ra àgúnmu lọ́wọ́ Sìdíkátù ọmọ mi. Ẹni tó bá ti rà á, kó má mu ún. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ èmi náà láyé ìgbà yẹn, kó dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kà á á pe ọmọ mi ní ìkà. Ó ṣeé ṣe kó má pè mí ní ìyá mọ́ títí màá fi kú. Mo ti gbà.

Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà, á jẹ́ ká fojú rí ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí Sìdíkátù, bó bá gbà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Rábíátù