Ẹni Tó Di Ẹrù Ni Í Tú U

Fadékẹ́mi, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara rẹ? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ń rí oorun sùn dáadáa? Bí o bá bi wá léèrè, a wà, a ṣì ń mí, omi kò tíì gbé òpó abẹ́ ilé wa lọ. Ọlọ́run tó ń pa ẹja wẹ́wẹ́ mọ́ níbi tí ẹja ńlá ń gbé yóò pa ọ́ mọ́ nínú ìlú ńlá tí o wà yẹn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, mo kí ọ tán, ó tún ní mi ò kí ọ bó ṣe yẹ, nítorí náà mo tún kí ọ o.

Ìbọn ti dákẹ́ díẹ̀ lórí omi. Àwọn sójà ti jókòó sẹ́nu odò, gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ kó máa fi àjẹ̀ wa ara rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọjá níwájú òkú. Òkun ti gbé ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní Araromi, ìkòkò kan ló rí mú. Púpurú tí à ń jẹ ti wọ́n. Adìyẹ tí o rà fún ìyá rẹ já sómi láti orí afárá, a yọ ọ́, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ké mọ́, ńṣe ló ń wò wá.

Nínú iṣẹ́ tí o rán, o kò béèrè Ẹniolúwa àbúrò rẹ, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́. Báyìí ló rí. Báàgì tí o fi ọwọ́ ara rẹ dì fún un nígbà tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ̀ ti dé, òun kò tíì dé. Wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ tó wọ̀ ní Igbókọ̀dá, gbogbo èrò bẹ́ sómi. Apá kan ti jáde láti inú ẹ̀gbà, igbó etí omi yẹn, apá kan kò tíì jáde. Àbúrò rẹ wà nínú àwọn tí kò tíì. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé yìí nìyẹn, pé kò tíì. Waliyullah onísípíìdì bóòtù ló rí báàgì náà tó ń léfòó bí ẹni tó sùn, ó gbé e wá sórí bẹ́ǹṣì èbúté, ibẹ̀ ló wà di ìsinsìnyí, okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

O kò sí nílé nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n la òfin tó bá a dé yé ọ. Nítorí pé wọ́n ń kó ìbọn sínú ẹrù ẹja, ìlú ṣòfin pé ẹrù kankan kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé a tú u ní èbúté, kí olóhun dúró tì í. Bí olóhun kò bá sí, ẹni tó dì í ni yóò tú u. Ṣùgbọ́n ti àwọn baba wa ti wà kí òfin yìí tó dé, ìyẹn ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí a bá tú ẹrù ẹni tó rìn lórí omi láìsí òun níbẹ̀, a ti sin ín nìyẹn. A ó gbé aṣọ inú rẹ̀ fún omi, ìyá rẹ̀ yóò fá irun, a kò ní í se oúnjẹ dè é mọ́.

Lawrence alága èbúté, ọ̀gbẹ́ni tó ń fọn fèrè kiri bíi réfírì yẹn, kò fún mi nísinmi. Ó ní Bàbá Fadékẹ́mi, ẹ jẹ́ ká tú báàgì yìí, ẹ̀rù ń ba àwọn obìnrin láti gba ibẹ̀ kọjá, omi ń kán nínú rẹ̀. Mo ní báàgì tó ti inú omi jáde, kí ni kó máa kán, epo? Ṣùgbọ́n láàárín àwa méjèèjì, òótọ́ ló sọ. Oòrùn ti pa báàgì yẹn títí, ó ṣì ń kán.

Ibi tí ẹ̀rọ rẹ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Tíṣà Kọ́lájọ, ará Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, mú iṣẹ́ rẹ wá, pé kí a ṣí kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀, kí òun kọ ìlà kan sí i, kó lè lọ gbé ohun tí a ó fi máa rí ojú rẹ wá. Inú wa dùn. A yá jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ wọ búbá tuntun, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ní kí o má baà bá òun nínú aṣọ ẹja. Tíṣà gbé fóònù rẹ̀ kọ́ ojú fèrèsé kó lè mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ẹni ń dẹ ìwọ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú bí omi abẹ́ ilé, lẹ́tà funfun sì ń léfòó lórí rẹ̀.

Tíṣà kọ ìlà rẹ, ẹ̀rọ dáhùn. Mo ní kí ló wí? Ó ní ẹ̀rọ ní ẹrù tí a béèrè wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan lókè òkun, dídì ni wọ́n dì í, ṣùgbọ́n kò lè dá wá, àwọn ẹrù mìíràn ló gbára lé, gbogbo wọn ni yóò jọ wá. Ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí orúkọ èrò inú ọkọ̀, ó wá béèrè bóyá kí òun máa bá a lọ. Mo ní tíṣà, dúró ná, ta ni yóò dúró ti àwọn ẹrù yìí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá, ẹnì kan kì í dúró tì í, èdìdì ẹni tó dì í ni ẹ̀rọ ń wò. Mo ní ẹni tó dì í yẹn, ṣé ó wà láàyè? Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n, ó ní àwọn míì ti kú nínú wọn, ẹrù wọn ṣì ń káàkiri ayé. Kí n tó la ẹnu, ó ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Fadékẹ́mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Orúkọ kan yóò jáde, ẹ̀rọ yóò ní òun ń tú u, òmíràn yóò jáde, yóò ní òun ń tú u, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sinmi. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ká pákó ilẹ̀, mo wo omi. Mi ò rí ẹrù kankan, bẹ́ẹ̀ ló ń wí pé òun ti tú u, òun ti tò ó sí àyè rẹ̀ nínú ilé mi. Ìyá rẹ dìde, ó rọra béèrè pé òkú ta ni wọ́n ń sin nínú ilé wa yìí.

Mo jẹ́ ẹni tí í pa òfin mọ́, nítorí náà mo ránṣẹ́ sí èbúté pé ẹrù ń wọlé sí mi lára. Lawrence dé tòun ti àdá. Ó fọn fèrè sí ẹ̀rọ pé kó dúró, kò dúró. Ó jókòó, ó ń wo orúkọ bí wọ́n ti ń kọjá, nígbà tí ẹ̀rọ tú wọn tán ó nu ojú rẹ̀. Ó ní ó mà dáa o, odindi ọkọ̀ ènìyàn la tú ẹrù wọn nínú ilé yìí láìsí olóhun, láìsí ẹni tó dì í, ẹ jókòó ẹ ń wòran, ìyàwó yín tún wọ búbá sí i, báàgì kan ṣoṣo ló wá di èèwọ̀? Ó ní òun ń lọ gé okùn rẹ̀.

Ó ti wà lórí afárá kí n tó bi tíṣà bóyá ohun tí a tú ṣeé dá padà. Ó ní ó ṣeé ṣe, ìlà kan wà tó ń lé ẹrù jáde, òmíràn sì wà tó ń kó àwọn tó bá a wá tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bàbá, ẹ ò ní lè rí ojú Fadékẹ́mi mọ́ o. Ìyá rẹ ló dá a lóhùn, ó ní kọ ọ́.

Bí ẹ̀rọ ti ń pè wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìyá rẹ ń bẹ̀ wọ́n, pé ẹ má bínú, a ò mọ̀ ni, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn yín, ẹ má mú ọmọ wa dání. Tíṣà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti ń ṣe àmín.

Mo sáré dé èbúté, àdá ti wà lórí okùn. Mo ní a ti dá wọn padà, ilé mi mọ́, tíṣà tó sáré tẹ̀lé mi sì jẹ́rìí sí i. Lawrence le, ṣùgbọ́n kì í ṣe èké. Ó gbé àdá kúrò. Ó wá ní òfin ni òfin, ta ló di báàgì yìí? Ọmọ mi, a kì í purọ́ ní èbúté. Mo ní ìwọ ni. Gbogbo èrò èbúté mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ọjọ́ tí Fadékẹ́mi bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ síbí, kó tó rí ilé bàbá rẹ̀, yóò tú u.

Tíṣà ní o ń bọ̀ wá bá wa ṣe Àjíǹde. Má bọ̀. Mi ò kọ̀wé sí ọ rí kí n má ní kí o wá sílé, ìyá rẹ ló sì máa ń ní kí n tún un kọ. Lónìí náà ó ní kí n tún un kọ: má bọ̀. Bí o bá gbọ́ pé ara mi kò yá, oògùn ni kí o rán. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá ti dé, ẹrù yẹn kò ní í tú, bí kò bá sì tú, àbúrò rẹ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Fi owó díẹ̀ rán Waliyullah sí wa. Ìyá rẹ fẹ́ ra ọ̀rá ńlá tí a ó fi bo báàgì náà nítorí òjò, àti kẹrosíìnì fún àtùpà tó ń gbé kọ́ sí èbúté. Bó bá ṣẹ́kù, ra òwú àwọ̀n fún mi.

Ọ̀nà rẹ yóò là, ọwọ́ rẹ yóò ròkè, ibi tí o bá wà ni yóò ti sàn ọ́. Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ jìnnà sí wa, kó sì jẹ́ kó pẹ́ níbi tó jìnnà sí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínbọ̀dé.