Ẹkún tí Àǹtí Sun fún Kámẹ́rà

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Akíntàn,
                                        Ẹ̀bá Ọ̀sà, Bàrígà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ẹ̀gbọ́n Japhet,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́? Wonder ńkọ́? Ṣé Màmá ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa? Mo gbọ́ pé òkun tún ti jẹ ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọlọ́run á dá a dúró. Níbí, ara wa le. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí àpò púpurú àti àpò aṣọ àlòkù tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Ìgbókòdá. A ti jẹ púpurú tán, ẹ ṣeun. Ní ti aṣọ, ńṣe ni a ń bi ara wa pé ta ló kú.

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ ti wo fíìmù tó ń kiri orí fóònù, tí wọ́n pè ní Abúlé Tí Èkó Gbàgbé. Èmi náà wò ó. Àánú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo ti ń wá ohun tí n ó fi ránṣẹ́ sí wọn kí n tó rí i pé ilé wa ni.

Abúlé! Bàrígà tí èèyàn kò ti ráàyè nasẹ̀, níbo ni koríko fẹ́ hù sí?

Níní ni orúkọ ọmọbìnrin tó kó kámẹ́rà wá láti Lẹ́kí. Ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí Adébùnmí nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja, ó ní àwọn fẹ́ ya ìgbé ayé apẹja. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi í ríran. Tiwa tún gbé kámẹ́rà dání. Wọ́n ní kí a gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, kí Àǹtí bọ́ aago àti bàtà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, wọ́n ní kí n yẹra, pé ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ń ba àwòrán jẹ́. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára ọkọ̀ Ọlápọ̀sí, àbúrò Àǹtí, wọ́n fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti kékeré ni Ọlápọ̀sí ti ń lo ẹ́ńjìnnì, ló bá ń yí lójú kan. Obìnrin ẹlẹ́ja kan tó ń kọjá bi í pé, “Bọ̀dá Ọlápọ̀sí, kí lẹ sọ nù sómi?”

“Fíìmù là ń ṣe jàre!”

“Ẹ kú fíìmù. Òòyì á kọ́ yín o.”

Pẹ̀lú gbogbo bọ́-èyí-gbé-tọ̀hún yìí, Àǹtí gbà pé eré bíi ti àwọn òṣèré ni. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Níní ní kó sunkún díẹ̀, ó bi í pé, “Ṣé ọkọ mi ti kú nínú eré yìí ni?”

Níní ní, “Ẹ ṣáà sọ bó bá ṣe wá sí yín lẹ́nu, Mà.”

Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí ṣe é dójú àmì. Ó ní ọkọ òun bómi lọ, ebi ń pa òun, ẹja tó ti bàjẹ́ ni òun ń yan tà. Ọkọ tó bómi lọ jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń jẹ búrẹ́dì. Eré parí, a pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọn yóò gbé e jáde bí òótọ́.

Àlàájà Rùkáyátù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ti ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ Àǹtí kí wọ́n tó bí mi, wo fíìmù náà, ó ní kí Àǹtí má gbé ẹja wá mọ́. Ẹja yẹn ni Àǹtí fi rán mi nílé-ìwé. Mo pe Níní. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo ẹni tó wò ó ló sunkún. Bí ẹni tó ń kí mi kú oríire ló ṣe sọ ọ́.

Àǹtí fúnra rẹ̀ lọ bá Àlàájà. Ó ní, “Eré ni mo ṣe o. Ẹja mi mọ́.”

Àlàájà ní, “Adébùnmí, bó o bá lè sunkún báyẹn lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, báwo ni n ó ṣe mọ ọjọ́ tí ò ń bá mi ṣeré nípa ẹja?”

Ẹni tó purọ́ wà ní Lẹ́kí, wọ́n ń yìn ín. Ẹni tó ṣeré ló wá di òpùrọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, ẹja wà lórí àtẹ. Àsìkò ẹkún gan-an nìyí, ṣùgbọ́n Àǹtí kò sun ún. Ó ní ẹni tó bá rí òun yóò rò pé eré ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Àǹtí. Ẹ má dárúkọ fíìmù, ẹ má sì bá a kẹ́dùn. Ẹja ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ná an títí inú yóò fi bí i.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìgboro,

Olúwafimíhàn