Tíṣà Fẹ̀yìntì Wọ Omi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ
A ti padà sí Poitiers, ìlú wa ní ilẹ̀ Faransé, láti etí òkun. Yanrìn nínú mọ́tò, yanrìn nínú bàtà, yanrìn nínú búrẹ́dì. Oòrùn etí òkun ti sun gbogbo ará àdúgbò pọ́n bí edé tí a sè. Wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé ẹ gbádùn òkun?" Mo ní a gbádùn ẹ̀ — èmi tí mo jókòó ti báàgì, tìbọ̀sẹ̀-tìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án
N kò rí oorun sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbì gbé Capucine, ọmọ ọmọ wa. N kò mọ̀wẹ̀. Omi dé mi lórúnkún, mo dúró, mò ń pariwo orúkọ ẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló fà á jáde. Ọmọ náà ní kí n ra áísìkiriìmù fún òun. Ó ti gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé, 2
Ilé ìwé wọlé, láìsí èmi. Mo ti fọ́nnu káàkiri pé ọ̀sán ni màá máa jí. Ìdájí ni mo jí. Mo fá irùngbọ̀n, mo so táì. Ghislaine ìyàwó mi — Ìjọba ilé mi — bá mi lẹ́nu ọ̀nà.
"Níbo nìyẹn?"
"Mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì."
"Pẹ̀lú táì?"
Mo ra búrẹ́dì. Pẹ̀lú táì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Kálukú ń forúkọ sílẹ̀ fún ohun tí yóò pa tì kí Kérésì tó dé. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta káàdì ni mo bá lọ. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìdí tábìlì àwọn òmùwẹ̀. Ta ló jókòó síbẹ̀? Maëva, aláròyé kíláàsì mi àtijọ́.
"Tíṣà! Ṣé ọmọ ọmọ yín ló fẹ́ kọ́ ọ ni?"
"Èmi ni."
Ó gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀ sí kíláàsì mi. A kì í pariwo níbẹ̀ o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní adágún ìwẹ̀. Fìlà rọ́bà pọn dandan. Mo jọ ẹyin inú ìbọ̀sẹ̀. N kò kúrò nídìí àkàbà tó wọ inú omi. Mo sọ fún Ìjọba pé káàdì ni mo lọ ta.
"Irú káàdì wo ló ń da omi síni létí?"

Ọjọ́rú, 11
Gbogbo ara ń ro mí. Àkàbà lásán!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Maëva fọwọ́ gbé mi lẹ́yìn lórí omi. "Ẹ wo òrùlé, Tíṣà. Ẹ má le ara." Mo ń wo òrùlé. N kò mọ bó ṣe jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Capucine fún un, ìgbì, orúnkún mi, gbogbo ẹ̀. Nígbà tó máa fọhùn, ọ̀nà jíjìn ni mo ti gbọ́ ọ:
"Tíṣà, ó ti pẹ́ tí mo ti yọwọ́ lẹ́yìn yín."
Ojú ẹsẹ̀ ni mo rì. Mo mu omi yó. Mo yọrí, mo húkọ́ títí.
Mo ní, "Ó yá, tún gbé mi."